Bí Ọdẹ́níran Ṣe Lọ Wá Páwà Páàkì fún Tépù Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó tètè lọ sùn, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe ti ẹni tí ń tòògbé. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n tí ìwo rẹ̀ gùn ju apá ọkùnrin lọ, mo sì ti bá ìnàkí jìjàkadì lórí igi títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ tó ní kí n dárí ji òun. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìnàkí. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ̀rọ̀ ara mi lónìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọdẹ ni mo fẹ́ sọ, Ọdẹ́níran ọmọ Ìdí-Ẹ̀mì, ọkùnrin tó wọ igbó iwin lọ nítorí ẹ̀rọ kan tí kò fọhùn mọ́.

Ọdẹ́níran ga, ó gbẹ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá kí i láàárọ̀, yóò ní "Ẹ ǹ lẹ́," ó parí títí di ọjọ́ kejì. Ìyàwó kan ṣoṣo ló fẹ́ láyé rẹ̀, Àwẹ̀ró, obìnrin pupa kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dá àwọn tí ń lọ sódò dúró, tí wọ́n á gbé ìkòkò sọ̀ láti gbọ́ ọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró ń lọ sílé ọkọ, ó sun ẹkún ìyàwó gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó ń ti iwájú ẹ̀gbọ́n dé iwájú àbúrò, ó ń fi orin àti omijé dágbére fún wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kùmásì ti gbé tépù ńlá kan wálé, irú èyí tí kẹ̀kẹ́ méjì ń yí lórí rẹ̀, tí ọ̀já dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ń kọjá láàárín wọn. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Àwẹ̀ró, ó tẹ nǹkan kan lára rẹ̀, tépù náà sì gba ohùn ìyàwó pa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó náà ni Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin kan. Ó wo ojú ọmọ náà, ó ní, "Àrìnpé ni kí ẹ máa pè é." Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ láyé. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé tépù náà fún Ọdẹ́níran. Láti ìgbà náà, bí Ọdẹ́níran bá ti oko ọdẹ dé, tó wẹ̀, tó jẹun, yóò ní kí Àrìnpé lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ilé, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì jókòó gbọ́ ohùn aya rẹ̀. Ìdí tó fi ń lé ọmọ jáde ni pé àwọn àgbà ìlú wa ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn òkú náà títí yóò fi fẹ́ di ìyàwó, kí òkú má baà pè é, kí ọmọdé má baà dáhùn. Báyìí ni Àrìnpé ṣe dàgbà. Inú ilé kan náà ni òun àti ohùn ìyá rẹ̀ ń gbé, kò sì gbọ́ ọ rí.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀gá mi ṣe.

Ọdún Ògún dé. Gẹ́gẹ́ bí àwa ọdẹ ti ń ṣe, ó kó gbogbo irin ilé rẹ̀ síta: ìbọn, àdá, ọ̀kọ̀, tàkúté. Ó ta epo sí wọn lára, ó da ẹmu lé wọn lórí, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ ẹ́ níyà. Bó ti fẹ́ dìde, ojú rẹ̀ lọ sára tépù tó wà lórí àpótí, tí ó ti tàn án lẹ́yìn tó rán Àrìnpé lọ sódò, kí Àwẹ̀ró lè bá òun kọrin fún Ògún. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé irin ni èyí náà. Gbogbo irin ilé ti jẹ, wọ́n ti mu. Ṣé èyí tó ń gbé ohùn aya òun ni kí ebi máa wá pa? Ó mú igbá ẹmu, ó sì rọra dà á gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn tépù náà, ó ní, "Gbà, mu, má jẹ́ kí ó rẹ ọ́."

Páà! Èéfín yọ. Òórùn bí ẹni ń sun ìyẹ́ adìyẹ gba gbogbo àgbàlá. Ohùn Àwẹ̀ró fà gùn, ó ń wúwo, ó ń lọ sílẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé, ó sì dákẹ́. Àwọn ọdẹ tó wà níbẹ̀ pariwo pé, "Ògún ti gbà á o!" wọ́n sì ń jó. Ọdẹ́níran nìkan ló dúró pẹ̀lú igbá òfìfo lọ́wọ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ó mọ̀ ní ojú ẹsẹ̀ pé òun ti fi ọwọ́ ara òun pa Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kejì.

Bó bá jẹ́ ti Ọdẹ́níran nìkan ni, bóyá ì bá jókòó ti àárò rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìgbéyàwó Àrìnpé ti sún mọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹkún ìyàwó kì í ṣe ohun tí a ń yá. Ti olúkúlùkù ìyá ni ọmọ rẹ̀ ń kọ́, torí orúkọ àwọn ìyá àgbà ilé ló wà nínú rẹ̀, àti oríkì ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ìyá Àwẹ̀ró ti kú, Àwẹ̀ró kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò obìnrin, ọkùnrin kì í sì í kọ́ ọmọ lẹ́kún, ibi kan ṣoṣo tí ẹkún náà kù sí láyé ni inú tépù tó mu ẹmu yẹn. Bí ìyàwó bá sì jáde nílé bàbá rẹ̀ láìsunkún, wọn á ní kò rí nǹkan tó dùn ún fi sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ọkọ yóò máa fi bú u, wọn yóò sì fi bú ọmọ rẹ̀.

Ọdẹ́níran gbé tépù lọ bá Sùfíánù onírédíò. Sùfíánù kì í ṣe ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń yin ara ẹni. Ó ní kò sí rédíò tí òun kò lè jí dìde àfi èyí tí mọ́tò bá gùn. Ó tú ẹ̀yìn tépù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yọjú wo Ọdẹ́níran.

"Bàbá ọdẹ, ta ló fún un lẹ́mu?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun ni?"

Sùfíánù rí ojú Ọdẹ́níran, ó sì pa ẹ̀rín tì. Ó fi wáyà ìdánwò rẹ̀ kan ibí, ó kan ọ̀hún, ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀já náà kò jó. Orí tí ń kà á kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ kékeré tí ń yí kẹ̀kẹ́ náà sì pé. Páwà páàkì ló kú."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá gbogbo àwọn yòókù ni, bàbá. Iná tí ń bọ̀ lára ògiri le. Bó bá wọlé bó ṣe wà, gbogbo wọn ló máa jó. Páwà páàkì ló ń kọ́kọ́ gbà á sẹ́nu, á jẹ ẹ́ kúnná, á wá pín in fún wọn ní ìwọ̀nba tí ara wọn lè gbà. Ẹ wá rọ ìyá náà lẹ́mu yó."

"Ra òmíràn sí i."

"Mo mọ irú rẹ̀. Wọn kò ṣe é mọ́. Bí mo bá sì ki ti rédíò mìíràn bọ̀ ọ́, oúnjẹ tó máa fún wọn kò ní bá wọn lára mu. Ó lè jó ọ̀já, ohùn á sì bá iná lọ. Ṣé kí n dán an wò?"

"Má dán an wò!" Ọdẹ́níran kígbe, ó gbá tépù mọ́ àyà.

Sùfíánù fi ọwọ́ họ orí. Ó ní, "Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Ajẹná, wọ́n ń pè é ní Gbohùnró. Ó ní níbẹ̀, ṣe ni páwà páàkì ń so lórí igi. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, bàbá, ọ̀gá mi máa ń mutí."

Èyí tó tó ẹlòmíràn láti fi padà sílé ló tó Ọdẹ́níran láti fi di àpò. Nígbà tí Àrìnpé rí i tó ń rọ ọta ìbọn, ó kúnlẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Bàbá mi, ẹ má lọ. N ó lọ sílé ọkọ láìsunkún. Kí wọ́n fi bú mi. Èmi kò mọ ìyá mi, ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀."

Ọdẹ́níran wò ó. Ojú Àwẹ̀ró ló wà níbẹ̀, ohùn nìkan ló yàtọ̀. Ó ní, "Nítorí pé o kò mọ̀ ọ́ ni mo ṣe ń lọ." Ó sì jáde.

Ẹ má bi mí bó ṣe rìn tàbí ohun tó jẹ lọ́nà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó sì dé ibi tó ń lọ. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ni kí ẹ gbọ́.

Ajẹná ló kọ́kọ́ pàdé. Iwin náà jókòó dí ojú ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ kan sí ìhà ọ̀tún igbó, ó na èkejì sí ìhà òsì. Èéfín ni irun orí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń jó bí iná àgbẹ̀dẹ. Ó ń mú ìtì igi tó ń jó lọ́wọ́ kan, ó ń gé e jẹ bí ẹni ń jẹ ìrèké, ó ń tu èédú rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ẹlẹ́ran gbígbẹ, níbo lò ń lọ?"

Ọdẹ́níran ní, "Èmi Ọdẹ́níran, tí ẹkùn ń rí tó ń rántí pé òun ní iṣẹ́ nílé! Èmi tí erin gbọ́ orúkọ mi tó fi kó eyín rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ! Yà kúrò lọ́nà!" Ẹ rí i pé ọ̀gá mi tí kì í sọ̀rọ̀ nílé, bó bá dé iwájú iwin, ẹnu rẹ̀ a máa là. Ó yin ìbọn. Ọta lọ tààrà sẹ́nu Ajẹná. Ajẹná jẹ ẹ́ mọ́ra bí ẹ̀kuru, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀. Ọdẹ́níran fa àdá yọ, àdá yọ́ kúrò lórí èèkù. Ó sọ ọ̀kọ̀, Ajẹná gbà á, ó fi ń ta eyín. Ooru náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó ara Ọdẹ́níran, irùngbọ̀n rẹ̀ ti jó tán, ṣùgbọ́n kò padà.

Ajẹná rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ràn alágídí. Bó o bá lè já àlọ́ mi, wàá kọjá. Bí o kò bá lè já a, èédú rẹ ni n ó fi máa fọ eyín. Ó ń jẹ ata, ó ń jẹ ewúro, ohun tó gbóná janjan ló ń gbé mì. Ohun tó ń tú jáde lára rẹ̀ dùn, kò sì ta ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tí kò léyín ló ń ṣe é fún. Kí ni?"

Ọdẹ́níran ronú oyin, oyin kì í jẹ ata. Ó ronú ọ̀pẹ, ọ̀pẹ kì í gbé ohun gbígbóná mì. Ó ń ṣàárẹ̀ lọ nínú ooru náà, ọkàn rẹ̀ sì padà sí ìgbà tí Àrìnpé ṣì wà ní ìkókó. Ó rí ara rẹ̀, ọdẹ ńlá, tó ń gbé ọmọ kiri ojúde àwọn abiyamọ láti tọrọ ọmú. Ó rántí ìyàwó kan tó bá nídìí ọbẹ̀ tó ta gan-an, tí òógùn bo obìnrin náà lójú. Òun ti ń fà sẹ́yìn, ó ní ata yóò ta ọmọ òun. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba ọmọ, ó ní, "Ọkùnrin, ẹ̀yin ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ ata. Òun kò ní mọ̀ pé ata wà láyé."

"Ìyá ọmọ ni!" Ọdẹ́níran pariwo, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ajẹná pa ẹnu dé, ilẹ̀ sì tutù. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ akọni ló ti kú síbí lórí àlọ́ yẹn. Wọ́n ti jẹ ọmú, wọ́n sì ti gbàgbé. Kọjá."

Ìlú tó dé lẹ́yìn ìyẹn ni Afarawé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ajẹná rọrùn. Èyí ló le. Àwọn ará Afarawé kò ní ojú, wọn kò ní ara tí a lè dì mú, ohùn nìkan ni wọ́n, ohùn náà kì í sì í ṣe tiwọn. Ohun tí etí rẹ bá ń yán hànhàn fún ni wọn yóò fi bá ọ sọ̀rọ̀, títí wàá fi jókòó tì wọ́n di eegun. Bí Ọdẹ́níran ti wọ ìlú náà, ó gbọ́ ọ láti inú ahéré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Ọdẹ́níran o!"

Kò dáhùn, nítorí ọdẹ kì í jẹ́ ìpè àkọ́kọ́ nínú igbó. Àyà rẹ̀ já, torí ohùn Àwẹ̀ró ni, kò sì sí ohun tó yàtọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró kò pe orúkọ òun rí. Ìyàwó wo ló ń la orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé wa? Olówó orí mi ló ń pè é títí ó fi kú. Ọdẹ́níran mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì wọ inú ahéré náà lọ, ó jókòó.

Ẹ má bú u. Ẹni tí àárò kò sọ rí ló lè bú u. Ohùn náà tètè kọ́ ohun tó kù fún un. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ ti gbẹ jù. Ta ló ń se oúnjẹ fún yín?" Ọdẹ́níran dá a lóhùn. Ó sọ gbogbo ohun tí kò rẹ́ni sọ fún láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá: ìrora orúnkún rẹ̀, ẹtu tó sálọ mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ẹ̀gbẹ́ kan ẹní rẹ̀ ṣe máa ń tutù ní ọyẹ́. Ohùn náà ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, ó ń kẹ́dùn níbi tó yẹ. Koríko hù yí ẹsẹ̀ Ọdẹ́níran ká, ó dé orúnkún rẹ̀, alántakùn sì ta okùn láti èjìká rẹ̀ dé ara ògiri. Inú rẹ̀ dùn. Kò dùn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti kú.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Àwẹ̀ró, Àrìnpé ti fẹ́ lọ sílé ọkọ. Kí ni ká ti ṣe é?"

Ohùn náà ní, "Ta ni Àrìnpé?"

"Ọmọ wa. Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, olówó orí mi. Àwa méjèèjì ti tó. Ẹ bá mi sọ ti orúnkún yín."

Ọdẹ́níran bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko tu kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Ó dìde, ó rìn jáde, ohùn náà sì ń tẹ̀ lé e, ó ń sunkún, ó ń pè é ní gbogbo orúkọ tí Àwẹ̀ró máa ń pè é, títí dé odi ìlú. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé nínú gbogbo ẹranko tí òun bá jà láyé, kò sí èyí tó ṣe òun léṣe tó ẹ̀yìn tí òun kọ sí ohùn yẹn. Èmi tí mo bá ìnàkí jà, mo gbà fún un.

Báyìí ló ṣe dé Gbohùnró. Sùfíánù kò purọ́, ọ̀gá rẹ̀ tó ń mutí náà kò sì purọ́. Igi ńláńlá wà níbẹ̀, páwà páàkì sì so rọ̀ lára wọn, òmíràn kéré bí ẹyin, òmíràn tóbi bí elégédé, wáyà pupa àti dúdú ni wọ́n fi rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Wọ́n ń kùn wùn-ún wùn-ún bí oyin. Nísàlẹ̀ wọn ni arúgbó obìnrin kan jókòó sí, etí rẹ̀ méjèèjì gùn dé èjìká. Ìyá Olóhùn ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣọ́ gbogbo ohùn tí ènìyàn fi sílẹ̀ láyé. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Dìde, ọdẹ tó fún ẹ̀rọ lẹ́mu," ni arúgbó náà wí. "Ọ̀rọ̀ rẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa. A rẹ́rìn-ín títí."

Ó fi ọ̀pá já páwà páàkì méjì bọ́ sílẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún Ọdẹ́níran, ó gbé èkejì sí ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ó ní, "Tọwọ́ ọ̀tún rẹ, kò ní kú láéláé. Ohùn aya rẹ yóò máa dún nígbàkígbà tó o bá fẹ́, títí ìwọ náà yóò fi bá a. Ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo ni yóò máa gbọ́ ọ, etí rẹ. Ẹlòmíràn lè fi etí lé e, kò ní gbọ́ kín-ín. Tọwọ́ òsì rẹ, gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti yí dé òpin ọ̀já, ó parí, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe mọ́."

"Ìyá, ẹ ò ní èyí tó lè ṣe méjèèjì?"

"O ti rí ẹni tó jẹ iṣu rẹ̀ tán, tó tún ní in lóko?"

Ọdẹ́níran wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pẹ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rò ó pé nígbà tí Àrìnpé bá lọ, ilé yóò ṣófo, òun yóò kù òun nìkan. Ó rò ó pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ní òun lè lọ láìsunkún. Ta ni yóò mọ̀? Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dá tọwọ́ ọ̀tún padà sí ẹsẹ̀ ìyá náà, ó sì yára kúrò níbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má baà yí. Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé òun náà yóò wà nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, òun yóò gbọ́ ọ.

Nígbà tó délé, ìgbéyàwó ku ọ̀la. Sùfíánù gba páwà páàkì náà, ó yí i wò, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé igi ló ń so ó. Ó yọ òkú ti àtijọ́ kúrò, ó jó wáyà mọ́ wáyà, ó nu ẹmu tó ti gbẹ kúrò nínú gbogbo kọ̀rọ̀, ó dé ẹ̀yìn rẹ̀. Iná kékeré kan tàn níwájú tépù náà. Ọdẹ́níran sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ilé yóò fi pé, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni.

Àwọn obìnrin ilé péjọ, wọ́n fi Àrìnpé sí àárín. Ọdẹ́níran ti wẹ̀, ó ti wọ dàńṣíkí tí kò wọ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Àrìnpé, ó gbé àpótí, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tépù. Ìyá àgbà ilé wò ó látòkè délẹ̀.

"Ọdẹ́níran, kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo fẹ́ gbọ́ aya mi."

"O kò mọ àṣà ni? Bàbá kì í jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. Ìgbà tí ọmọ bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Omijé àkọ́kọ́ tó bá bọ́ lójú bàbá nígbà náà ni omi tútù tí ọmọ ń tẹ̀ lọ sílé ọkọ. Bó o bá sun ún síbí lónìí, kí lo máa fi ṣàdúrà fún un lọ́la?"

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa dún."

Àrìnpé ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí bàbá mi jókòó. Àwọn ló lọ wá a. Ẹ jẹ́ kí n lọ láìní omi tútù."

Ọdẹ́níran wo tépù, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó jáde. Kò dúró sí ẹ̀yìn ògiri, torí ó mọ̀ pé bí òun bá dúró sí ẹ̀yìn ògiri, òun yóò gbọ́. Ó rìn kọjá odò, ó rìn kọjá oko ẹ̀gẹ́, ó jókòó sórí òkúta kan lábẹ́ oòrùn. Láti ibẹ̀, ó gbọ́ tí àwọn obìnrin fi ìgbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì mọ̀ pé Àwẹ̀ró ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ nǹkan kan àfi ẹyẹ. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tó padà, tépù ti tutù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àrìnpé jáde pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lọ́rùn. Ó sun ẹkún yí agbo ilé ká, àwọn arúgbó tó mọ Àwẹ̀ró sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Níkẹyìn, ó dé iwájú Ọdẹ́níran, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ọdẹ tí ń ru ẹran, tí ń pọn ọmọ,
Ẹ̀yin tí ẹ gbé mi tọrọ ọmú kiri ojúde.
Mo ń lọ o, ọmọ yín ń lọ.
Ta ni yóò máa gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀ dè yín?
Ta ni yóò máa gbọ́ ẹsẹ̀ yín ní ẹnu ọ̀nà?
Bàbá, ẹ súre fún mi, kí ẹsẹ̀ mi má wúwo,
Kí n má baà bojú wẹ̀yìn kí n má lè lọ mọ́."

Ọdẹ́níran gbé ọwọ́ lé e lórí. Omijé ń ṣàn gba inú irùngbọ̀n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó ń kán sórí gèlè ọmọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Wàá lọ ire. Wàá bí ire. Ilé kò ní lé ọ, ọ̀nà kò ní nà ọ́."

Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Àrìnpé gbójú sókè, ó rọra béèrè, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ tìyá mi. Ṣé tèmi jọ ọ́?"

Ọdẹ́níran ti gbọ́ ẹkún Àwẹ̀ró títí ó fi mọ ibi tí yóò ti mí. Ó mi orí.

"Kò jọ ọ́," ni ó wí. "Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbọ́ ti ìyá rẹ, bàbá tirẹ̀ ló ń sun ún fún. Èyí tí o sun yìí, èmi lo sun ún fún."

Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Kí ẹnìkan bu omi fún àgbà.